Ojúlé Tó Pé Àádọ́ta

Ọjọ́ tí ènìyàn bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí yóò bà á lẹ́rù lẹ́yìn ọ̀la, ẹ̀rín ló sábà máa ń rín. Lọ́jọ́ tí Sẹ̀gilọlá Àrówólò kọ orúkọ Abọ́dúnrìn sínú ìwé rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Oṣù kẹfà ọdún 1969 ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Mamobi, àdúgbò kan ní Accra, ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ nínú ìsọ̀ Àǹtí Tàíbátù, bíírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìfẹ́ sì ń pa á bí ọtí. Kò mọ̀ pé oṣù márùn-ún péré ló kù kí ìwé náà máa jí i lójú oorun.

Orí òkè Legon ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Cow Lane, ní Accra kan náà, ni wọ́n bí Sẹ̀gilọlá sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Adùnọlá, ìyá aláṣọ, bí fún olóògbé Àrówólò ará Ìnísà. Kò dé Ìnísà rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí i lójú oorun tí ẹ bi í pé níbo ló ti wá, Ìnísà ni yóò wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì Legon, wọ́n sì gbà á wọlé láti ka oyè kejì nínú ìtàn ọrọ̀-ajé àti ìgbé-ayé àwùjọ. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kan. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, méjì ni yóò mú níbẹ̀, kí ó sì dá fọ́ọ̀mù padà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ó pẹ́ tán.

Ọmọkùnrin kan ló ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti fún un ní fọ́ọ̀mù náà. Kwesi ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tó rí orúkọ Sẹ̀gilọlá lórí ìwé, ó dáwọ́ táípù dúró.

"Ẹ káàárọ̀," ló wí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù.

Sẹ̀gilọlá wò ó. "Ṣé o gbọ́ Yorùbá ni?"

"Mo gbọ́ ju bí mo ṣe ń sọ lọ. Bàbá mi ló ń sọ ọ́. Èmi náà ní orúkọ bíi tìẹ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ohun ìkọ̀kọ̀ hàn. "Abọ́dúnrìn. Bàbá nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó kú."

Ó bi í pé ẹ̀kọ́ wo ni yóò mú. Sẹ̀gilọlá ní oníṣòwò àlejò ni, èyí tó dá lórí àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá tajà ní etíkun yìí.

"Èmi ì bá mú kòkó," ni Abọ́dúnrìn wí.

"Kí ló dé?"

"Igi kòkó ò lè purọ́ ọjọ́ orí ẹ̀. Àwọn màmá ọjà, wọ́n á yọ ọdún mẹ́wàá kúrò. Báwo lo ṣe máa kọ ìtàn wọn?"

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín títí dé ibi tó ti wọ tròtrò, ọkọ̀ èrò. Nígbà tó délé, ó kọ oníṣòwò àlejò sí ipò kìíní, ó sì fi ipò kejì sílẹ̀ lófìfo. Kì í ṣe pé kò rí èyí tí yóò mú. Ẹni tó bá ti yan méjèèjì tán, kí ni yóò tún máa wá lọ sí ọ́fíìsì yẹn?

Ẹ̀kọ́ oníṣòwò àlejò ní òfin tirẹ̀. Olùkọ́ ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ àádọ́ta ojúlé wá: orúkọ baálé, àdúgbò rẹ̀, ìlú tó ti wá, ọdún tó dé, iṣẹ́ tó ń ṣe. Sẹ̀gilọlá, ọmọ tó fẹ́ràn kí iṣẹ́ òun yọ láàárín iṣẹ́ ẹlòmíràn, fi ìlà kan kún un láti inú orí ara rẹ̀: ṣé wọ́n ní ìwé ìgbélùú tàbí wọn kò ní. Àǹtí Tàíbátù, ìyá ọlọ́ṣẹ tí gbogbo Mamobi mọ̀, ló ń mú un wọ ilé kiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, Tàíbátù á ní, "Ẹ dá a lóhùn, ọmọ wa ni." Wọ́n á sì sọ ohun gbogbo fún un, títí kan èyí tí kò bi wọ́n.

Tàíbátù náà ló ṣe alárinà. Ó mọ Sàláwù, bàbá Abọ́dúnrìn, kó tó kú. Ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó lọ bá Adùnọlá ní Cow Lane.

"Ọmọ ta ni?" ni Adùnọlá bi í.

"Ọmọ Sàláwù, ará Ìnísà. Ó ti di olóògbé."

"Ìnísà tiwa? Agbo ilé wo?"

Tàíbátù wo ilẹ̀. "Èyí ni n kò mọ̀. Ìyá ọmọ náà ló tọ́ ọ, Abena tó ń ta kẹ́ńkè."

"Tàíbátù, ọ̀rẹ́ ni wá, má jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ gún ọ. Ṣé mo lè na aṣọ fún oníbàárà kí n má mọ ibi tí wọ́n ti hun ún? Ọmọ yìí ò sí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Kò mọ oríkì. Kò sí ibi tí wọ́n ti pe orúkọ bàbá ẹ̀ rí tó jẹ́ ẹ. Kwesi ni ń jẹ́. Kí Abena bá Kwesi wá ìyàwó láàárín àwọn èèyàn tiẹ̀."

"Ṣé kó wá kí yín fúnra rẹ̀ ni?"

"Kò gbọdọ̀ tẹ àdúgbò yìí."

Ìdí nìyẹn tí Sẹ̀gilọlá fi ṣe ohun tó ṣe lórí àpótí ọṣẹ. Ojúlé mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti kó jọ. Ó ku ọ̀kan. Ó kọ ọ́ pé: Ojúlé àádọ́ta, Sàláwù, olóògbé, ará Ìnísà. Ọmọ: Abọ́dúnrìn, akọ̀wé. Ìwé ìgbélùú: kò ní. Òótọ́ ni, kò ní. Ọmọ Abena kò nílò ìwé kankan láti gbé ìlú ìyá rẹ̀.

"Ó ti di ọmọ Ìnísà," ló wí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìwé ò kí ń ṣe agbo ilé," ni Tàíbátù fèsì. "Àmọ́ ó sàn ju òfìfo lọ."

Ní oṣù kẹwàá ó kó ìwé náà àti fọ́ọ̀mù tí kò tíì pé lọ sí Legon. Abọ́dúnrìn ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tò wọ́n sórí pẹpẹ olùkọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ni rédíò sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé péjọ sí iwájú ìsọ̀ Adùnọlá nírọ̀lẹ́, wọ́n ń wo ẹnu Sẹ̀gilọlá, nítorí òun ló gbọ́ òyìnbó jù.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún un láti kúrò nílùú."

"Ta ni àlejò?"

Sẹ̀gilọlá wò ó. Ìyá rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní Accra. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibòmíràn. Adùnọlá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí ìdáhùn níbẹ̀, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó nà sílẹ̀ fún títà.

Títí di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù tó ń ba Sẹ̀gilọlá jẹ́ ẹ̀rù tó ń ba gbogbo ayé. Inú tròtrò ni tirẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Obìnrin kan tó jókòó tì í wo ilà ojú ìyá àgbà kan níwájú wọn, ó sì bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Alata, da bɛn na mobɛkɔ?" Ẹ̀yin Yorùbá, ọjọ́ wo lẹ ó lọ? Ìyá náà fa ìborùn bo ojú. Sẹ̀gilọlá ronú pé ó dára tí kò sí ilà lójú òun, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Ìgbà náà ló rántí ìwé rẹ̀.

Àádọ́ta ojúlé, pẹ̀lú àdúgbò àti orúkọ. Mẹ́tàlélógójì nínú wọn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "kò ní" síwájú wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un nítorí pé ọmọ wọn ni. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wá èèyàn kiri, kò sí ẹni tí wọn yóò tún bi léèrè.

Ó sáré gun òkè Legon. Pẹpẹ olùkọ́ ṣófo níbi tí ìwé náà wà. Táípù Abọ́dúnrìn wà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

"Kwesi dà?" ló bi obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì.

"A ò rí i láti òwúrọ̀ àná."

Sẹ̀gilọlá di ara tábìlì mú. Wọ́n ti mú ìwé. Wọ́n ti ka ojúlé àádọ́ta. Wọ́n ti mú ọmọ Abena, tó jẹ́ pé bí òun kò bá ti kọ orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní àlejò láéláé. Ìfẹ́ òun ló tì í sínú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Mamobi: èmi ni, èmi ni mo kọ ọ́.

Ìsọ̀ Tàíbátù wà ní títì. Ará ìsọ̀ kejì ní lọ́rì kan ní àyè kan ní ìdájí, ni Tàíbátù bá gba àyè náà. Àwọn àgbà ní bí ojú bá mojú tán, alárinà a yẹ̀bá. Ojú kò tíì mojú, alárinà ti dé ààlà.

Ilé Abena kò jìnnà síbẹ̀. Sẹ̀gilọlá mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìwé. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà tóóró náà, ó sì rí ọlọ́pàá méjì tí wọ́n dúró, tí ọ̀kan di ìwé mú tó ń kà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ Sẹ̀gilọlá ló yí padà, ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Kò dúró títí ó fi dé Cow Lane. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jáde kúrò nílé. Ìyá rẹ̀ rò pé nítorí ìrìnàjò ni. Ìtìjú ló pọ̀ jù níbẹ̀: ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sá.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Adùnọlá ń fi okùn di ẹrù aṣọ, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tó sì nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó da ojú bolẹ̀ pátápátá, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣubú.

"Ta nìyí?" ni Adùnọlá wí.

"Màmá, èmi ni Abọ́dúnrìn. Mepa wo kyɛw, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ wá. Ẹni tó yẹ kó bá mi wá ti lọ."

Okùn tí Sẹ̀gilọlá bá ìyá rẹ̀ dì mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abọ́dúnrìn dìde lórí orúnkún, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fa ìwé náà yọ. Fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀.

"Mo mú un láàárọ̀ Ọjọ́rú," ló sọ fún Sẹ̀gilọlá, "lẹ́yìn rédíò. Mo ní kí Àǹtí Tàíbátù wá sọ fún ẹ. Lọ́rì ti gbé e lọ kó tó wá. Mi ò padà síbi iṣẹ́, kí wọ́n má bàa bi mí pé ìwé dà."

"Mo rò pé wọ́n ti mú ọ." Omi ti dé ojú Sẹ̀gilọlá. "Mo rò pé èmi ni mo mú kí wọ́n mú ọ. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ti rí i láti oṣù kẹwàá."

"Kí ló dé tí o ò ní kí n pa á rẹ́?"

Abọ́dúnrìn ṣí ìwé náà sí ojú ewé yẹn. "Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ bàbá mi sókè orúkọ mi rí."

Adùnọlá, tó ti ń wo ọ̀tún wo òsì láàárín wọn, jókòó sórí ẹrù. Abọ́dúnrìn kọjú sí i, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní ìyá òun jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tí ọmọ ilẹ̀ yìí bá fẹ́ lè rí ìwé gbà. Bí Màmá bá fọwọ́ sí i lọ́la, Sẹ̀gilọlá kò ní lọ, yóò sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Adùnọlá wo ẹrù tó jókòó lé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mo lé ọ, ojú sì ń tì mí. Bó o bá lè yọ ọmọ mi kúrò lójú ọ̀nà yìí, mú un."

Ó yẹ kí Sẹ̀gilọlá fò fáyọ̀. Ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti oṣù kẹfà ló bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹ̀rù tó dé bá a lọ́tẹ̀ yìí ju ti ọlọ́pàá lọ.

"Rárá," ló wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Bí mo bá fẹ́ ọ lọ́la, tá a bá jà lọ́dún tó ń bọ̀, o ó ní torí ìwé ni. Bí o ò bá tiẹ̀ wí i, èmi á máa gbọ́ ọ nínú orí mi. N kò ní mọ̀ títí n ó fi kú bóyá ìwọ ni mo fẹ́ ni tàbí ìwé. Màmá ńkọ́? Ta ni yóò bá a dé ibi tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n?"

"Ṣé o fẹ́ràn mi?" ni Abọ́dúnrìn bi í, lójú ìyá rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

Abọ́dúnrìn dìde. Ó gbé ìwé àti fọ́ọ̀mù sórí ẹrù aṣọ, ó kí Adùnọlá, ó sì jáde. Sẹ̀gilọlá gbé ìwé náà, ó ń lọ sí ìdí ààrò láti sun ún. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Sẹ̀gilọlá jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un. Adùnọlá ní kó kà á. Ó kà á láti ojúlé kìíní, ìyá rẹ̀ sì ń fi ìka ka àwọn àgbà tó wà nínú rẹ̀: èyí tí kò ríran, èyí tí ọmọ rẹ̀ wà lójú òkun, opó tó ní ìbejì.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án," ni Adùnọlá wí. "Ta ló tún mọ ibi tí gbogbo wọn wà? Bá a bá sun ún, ta ni yóò rántí wọn? Fi ọ̀já dì í mọ́ra, kó o fi ìró bò ó."

Báyìí ni ìwé tó ń bà á lẹ́rù ṣe di ìwé tó ń gbé kiri lára. Láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, òun àti ìyá rẹ̀ wọ ilé kan jáde wọ òmíràn, wọ́n ń bi wọ́n pé ta ló ti lọ, ta ló kù, ta ni kò lè rìn. Nígbàkigbà tí ọlọ́pàá bá kọjá, Sẹ̀gilọlá á máa gbọ́ bí ìwé náà ṣe ń dùn lábẹ́ aṣọ. Wọ́n jọ háyà lọ́rì mẹ́ta. Abọ́dúnrìn kò yọjú. Sẹ̀gilọlá sọ fún ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló dára, ó sì ń wo gbogbo ẹni tó bá gùn bíi rẹ̀ lójú pópó.

Òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n péjọ sí ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀ ń kánjú. Adùnọlá ní kí ọmọ rẹ̀ gun orí ẹrù kó pe ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ kù.

"Ojúlé kìíní, Bùràímọ̀, ará Ọ̀fà."

"A wà níbí."

"Ojúlé kejì, Àjàlá, ará Ògbómọ̀ṣọ́."

"A wà níbí o."

Ó ń pè, wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá ti lọ ṣáájú, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní ó ti lọ, Sẹ̀gilọlá á sì fàlà sí i. Ó dé orí mọ́kàndínláàádọ́ta, ó pa ìwé dé.

"Ó ku ọ̀kan," ni ìyá rẹ̀ wí nísàlẹ̀. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ iye tó ti kà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Pè é."

Sẹ̀gilọlá ṣí ìwé. Kò wo ìlà náà, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. "Ojúlé àádọ́ta. Sàláwù, ará Ìnísà."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Sẹ̀gilọlá dúró, ó ka márùn-ún nínú ara rẹ̀, ó ka mẹ́wàá, ó sì tẹ̀ síwájú láti sọ̀ kalẹ̀.

"Mo wà níbí."

Ẹ̀yìn lọ́rì kẹta ni ohùn ti wá. Abọ́dúnrìn gbé àpò kan, Abena sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti igbá kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tó ń tà, lórí, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tó ti sunkún fún ọjọ́ púpọ̀. Èrò yà fún wọn. Abena wo Sẹ̀gilọlá lókè, ó wo Adùnọlá.

"Ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ wo ilé bàbá òun," ló wí, Yorùbá rẹ̀ sàn ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó fi kẹ́ńkè mẹ́fà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà ní kékeré. "Kɔ na san bra. Ṣé o gbọ́? Kó o lọ, kó o sì padà wá."

Adùnọlá na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Abena, èmi náà ti rí ìdáhùn. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti pe orúkọ bàbá ẹ̀ tó jẹ́ ẹ. Ojú gbogbo wa ló ti jẹ́ ẹ. N kò ní nǹkan mìíràn tí n ó bi í mọ́."

"Agbo ilé ńkọ́?" ni Bùràímọ̀ ará Ọ̀fà bi í láti inú lọ́rì, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Bá a bá dé Ìnísà, a ó béèrè," ni Adùnọlá dáhùn.

Lọ́rì gbéra. Sẹ̀gilọlá àti Abọ́dúnrìn jókòó sórí ẹrù aṣọ, Adùnọlá wà láàárín wọn, nítorí wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà ní ààlà. Bí lọ́rì bá ti dúró díẹ̀, gbogbo èrò á dákẹ́. Nígbà tí wọ́n kọjá etí ìlú, Abọ́dúnrìn na ọwọ́ kọjá iwájú Adùnọlá, ó tọ́ka sí fọ́ọ̀mù tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.

"O ò tíì mú ìkejì."

"Àná ni wọ́n ní ká dá a padà."

"Mú un bẹ́ẹ̀ náà."

Sẹ̀gilọlá gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kò dára, lẹ́tà rẹ̀ ń fò, àmọ́ ó kọ kòkó sí ipò kejì, ó sì ká fọ́ọ̀mù náà sínú ìwé, sí ojú ewé ojúlé àádọ́ta. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Wọ́n ń padà lọ sí ìlú wọn, àwọn méjèèjì kò sì dé ibẹ̀ rí. Adùnọlá tú kẹ́ńkè kan, ó bù ú sí mẹ́ta, ó ní kí wọ́n jẹun.